Ọjọ́ tí mi ò lè yọ 24 kúrò nínú 32

Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, mò ń ṣe ìṣirò. Ìṣirò náà ò le o. Kìlómítà 32 ni mo fẹ́ sá, aago ọwọ́ mi ní mo ti sá 24, mélòó ló kù? Mo ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Lákọ̀ọ́kọ́ mo ní ó ku mẹ́fà, mo tún un ṣe mo ní ó ku méjìlá, nígbà tó yá mo kàn ń wo nọ́ńbà yẹn bí ẹni tí ò dé iléèwé rí. Ẹ̀yin ará, ìṣirò owó ni mo fi ń jẹun o, àtàárọ̀ dalẹ́ ni mò ń ro nọ́ńbà pọ̀ tí mò ń yọ ọ́. Ẹsẹ̀ mi wúwo lóòótọ́ àmọ́ ó ṣì gbé mi dúró. Orí mi ló ti lọ.

Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Gbogbo ohun tí mo ti ń gbọ́ nípa kí epo tán nínú èèyàn lórí eré gígùn, ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ, pé ẹsẹ̀ á di òkúta, pé á dà bíi pé èèyàn sáré lọ kọlu ògiri. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé orí lè tilẹ̀kùn kí ẹsẹ̀ tó tì í, àti pé tí orí bá ti lọ, ẹni tó yẹ kó sọ fún yín pé "jẹun, dúró, rọra" ò sí nílé mọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú un látìbẹ̀rẹ̀.

Máratọ́ọ̀nù tí mo máa kọ́kọ́ sá láyé mi ni mò ń múra fún, kìlómítà 42 àti mítà 195, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ètò tí mò ń tẹ̀ lé ní kí n sá 32 lọ́jọ́ Sunday yẹn, òun ló gùn jù nínú gbogbo ètò náà. Mo ti sá 22 rí, mo ti sá 25 rí, jẹ́jẹ́ ni mo rọra sá méjèèjì, mi ò jẹ nǹkan kan lójú ọ̀nà, mo sì délé láìsí wàhálà, ló bá dà bíi pé èmi ò sí lára àwọn tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ kàn. Ẹ̀gbọ́n kan wà tá a jọ máa ń sáré, ó ti sá máratọ́ọ̀nù tó mẹ́wàá, òun máa ń kó súwíìtì àti bísíkíìtì sápò bí ọmọ jẹ́léósinmi, èmi sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Bọ̀dá, ṣé eré lẹ fẹ́ sá ni àbí àríyá lẹ̀ ń lọ?" Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín, wọn ò ní sọ nǹkan kan.

Kì í ṣe àárọ̀ Sunday ni mo ba nǹkan jẹ́, àárín ọ̀sẹ̀ ni. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè sáré lọ́jọ́ Thursday, ni mo bá sún un sí Saturday, kìlómítà mẹ́wàá, eré gidi, èyí tí èèyàn á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mo tún ń gbìyànjú kí ara mi fúyẹ́. Mo ti fi sọ́kàn pé tí mo bá lè jo kílò mẹ́ta dànù, eré mi á yá sí i, torí náà ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń sá fún ìrẹsì àti búrẹ́dì lálẹ́. Alẹ́ Saturday yẹn, lẹ́yìn eré àárọ̀ yẹn o, ẹyin sísè méjì àti ewébẹ̀ ni mo jẹ sùn. Mo tiẹ̀ ń yin ara mi, mo ní ọkùnrin tó lè kó ara ẹ̀ níjàánu nìyí.

Aago márùn-ún àárọ̀ ku díẹ̀ ni mo jí. Tíì dúdú, kò ní ṣúgà, kò ní búrẹ́dì. Ìdí ni pé ẹ̀rù inú rírun máa ń bà mí, ẹ̀ẹ̀kan rí ni mo jẹun kí n tó sáré tó jẹ́ pé inú igbó ni mo parí ẹ̀ sí, mo wá ní láéláé mi ò tún ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Jẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló wà nílé, àwọn oúnjẹ olómi inú ọ̀rá kékeré tí àwọn sárésáré máa ń fà sẹ́nu. Mo mú ẹyọ kan. Méjì tó kù, mo ní kí n má fi ṣòfò, kí n tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ máratọ́ọ̀nù. Fóònù, mo fi sílẹ̀ torí pé ó máa ń jó lápò. Owó ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ fowó ṣe lórí eré?

Kìlómítà 16 àkọ́kọ́ dùn débi pé kí n rántí ẹ̀ báyìí inú ń bí mi. Afẹ́fẹ́ tútù, ojú títì dá, ẹsẹ̀ ń lọ fúnra ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà àtààbọ̀ ló yẹ kí n máa fi sá kìlómítà kan, àmọ́ mo wo aago mo rí i pé ìṣẹ́jú mẹ́fà dín díẹ̀ ni mo fi ń sá a, mo ní á à, tréènìn ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé bí eré èèyàn bá ṣe ń yá sí i ni ara á ṣe máa fi ọ̀rá sílẹ̀ tí á máa jẹ ṣúgà. Ọ̀rá dà bí ìtì igi ńlá, ó pọ̀ lára gbogbo wa, kódà ẹni tó tín-ín-rín ní èyí tó lè gbé e ju máratọ́ọ̀nù kan lọ, àmọ́ kì í tètè ràn, ó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ṣúgà ni igi wẹ́wẹ́ gbígbẹ tó ń jó wàìwàì. Èmi wá ń fi igi wẹ́wẹ́ dáná láti kìlómítà kìíní, láì ka iye tó kù nílẹ̀.

Mo fa jẹ́ẹ̀lì kan yẹn ní kìlómítà 15. Ní 16, mo yí padà. Èyí náà jẹ́ àṣìṣe tí mi ò ronú kàn: ọ̀nà tí èèyàn á lọ jìnnà kó tó yí padà, kò sí àbùjá ńbẹ̀. Ibi yòówù kó ti rẹ̀ yín, bí ilé ṣe jìnnà sí yín tó náà lẹ máa rìn.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, mi ò kà á sí nǹkan kan. Inú kàn ń bí mi ṣáá ni. Ní nǹkan bíi kìlómítà 20, ọkùnrin kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kí mi, "ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ máa báa lọ", mo pòṣé. Mo pòṣé sí ẹni tó ń kí mi! Okùn bàtà mi tú, mo bẹ̀rẹ̀ láti so ó, mo ń bá okùn bàtà jà bíi pé ó jẹ mí lówó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé ta ló rán mi níṣẹ́ eré sísá gan-an, àwọn ẹgbẹ́ mi ń sùn nílé, irú ìyà wo nìyí. Mo wá ń yán, ní àárín eré o, mò ń yán bí ẹni tí oorun ń kùn.

Tẹ́ ẹ bá rántí nǹkan kan nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí, ẹ rántí ibẹ̀ yẹn. Ìbínú tí ò nídìí lórí eré gígùn, ebi ni. Ebi ọpọlọ ni. Ikùn mi ò kùn rárá lọ́jọ́ yẹn, mi ò tiẹ̀ fẹ́ rí oúnjẹ, ìyẹn ló tàn mí jẹ, torí mo rò pé tí ebi bá pa mí, mo máa mọ̀.

Ní 22, ètè mi ń ta mí ṣìnṣìn. Oòrùn ti yọ dáadáa àmọ́ òtútù ń mú mi, irun ọwọ́ mi dìde, òógùn tó ń jáde lára mi tutù. Mo rò pé òùngbẹ ni, ni mo bá gbé gbogbo omi tó kù nínú ike mu lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ṣe nǹkan kan. Ní 23, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń gbálẹ̀. Ó wá ku ìṣirò yẹn.

Ó yẹ kí n ti jókòó ní 20. Mo mọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n tí mo lè fi mọ̀ nígbà yẹn, ẹni tó yẹ kó pinnu ló ń ṣàìsàn. Nígbà tí mo wá kàwé nípa ẹ̀, mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1924, àwọn dókítà kan yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó sá máratọ́ọ̀nù Boston l'Amẹ́ríkà wò lẹ́yìn tí wọ́n parí, wọ́n rí i pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan ti wálẹ̀ gan-an, àwọn yẹn náà ló sì ń gbọ̀n tí orí wọn ò pé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn dókítà yẹn ní kí àwọn sárésáré máa jẹ súwíìtì lójú ọ̀nà, ara wọn sì le ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti mọ̀ pé súwíìtì lápò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé, èmi wá ń fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá kan wà níwájú ilé kan níbi tí mo dúró sí, wọ́n gbé àga síta, wọ́n tú rédíò kan palẹ̀ sórí tábìlì kékeré. Wọ́n ti ń wò mí látẹ̀ẹ̀kan.

"Ọmọ mi, ṣé kò sí?"

"Kò sí, bàbá."

"Irọ́ ni. Wá jókòó. Kí lo jẹ láàárọ̀?"

Mo fẹ́ dáhùn, mi ò rántí. Kì í ṣe pé mo ń fi pamọ́, mi ò rántí lóòótọ́. Bàbá dìde, wọ́n wọlé, wọ́n gbé ìgò mínírà kan jáde, wọ́n ṣí i fún mi torí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo gbé e sẹ́nu. Ẹ̀yin ará, kí n tó gbé e mì, bó ṣe kan ahọ́n mi báyìí, nǹkan kan rọ̀ nínú orí mi. Mo rò pé mò ń ṣe àṣejù ni, àfìgbà tí mo kà á pé àwọn onímọ̀ kan dán an wò ní 2004, wọ́n ní kí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ fi omi tó ní ṣúgà inú sítáàṣì yọ ẹnu kí wọ́n tu ú dànù, kò dé ikùn rárá, síbẹ̀ wọ́n yára ju ìgbà tó jẹ́ omi lásán lọ. Ẹnu ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé oúnjẹ ń bọ̀. Ìgò mínírà kékeré kan bẹ́ẹ̀ á ní ṣúgà tó gírámù 35. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ara mi tó wá balẹ̀ gan-an, mo wá wo aago mi, mo ní: mẹ́jọ. Ó ku mẹ́jọ.

Mi ò sá mẹ́jọ yẹn. Mo rìn ín. Bàbá fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan kí n máa jẹ lọ, wọ́n ò gbà kí n sọ̀rọ̀ owó, mi ò sì ní owó náà lọ́wọ́. Ó gbà mí tó wákàtí kan àtààbọ̀. Ìyàwó mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, "níbo lẹ wà látàárọ̀? Ẹ wo ojú yín!" Ojú mi ti funfun, iyọ̀ òógùn ti gbẹ sí i lára.

Àṣìṣe tó kàn nìyí: mo wẹ̀, mo sùn. Mi ò jẹun. Mo ní inú ń rìn mí, kí n kọ́kọ́ sinmi ná. Mo jí ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú orí fífọ́ tí mi ò ní irú ẹ̀ rí, mo wá jẹ gbogbo ohun tó wà nílé títí dórí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ẹ ò wá ní gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ mi ò lágbára. Ìgò mínírà kan ló jí mi dìde lójú ara mi, mo sì lọ ń ṣe eré ìdárayá ẹsẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Sunday tó tẹ̀ lé e mo tún jáde fún 30, ẹsẹ̀ ń dùn mí, ìrẹsì ṣì jẹ́ èèwọ̀ lálẹ́, kìkì omi ni mo fi kún un torí mo tún ń rò pé òùngbẹ wà ńbẹ̀. Omi tí mo mu pọ̀ débi pé ikùn mi ń ró gbọ̀ngbọ̀n. Kìlómítà 21 ni tọjọ́ yẹn ti tán, ó tètè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má ṣeré pẹ̀lú ọ̀rọ̀ omi àmupọ̀jù yìí o. Ní máratọ́ọ̀nù Boston ti 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn sárésáré 488 wò nígbà tí wọ́n parí, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ti kéré jù lára ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ohun tó sì ń fà á jù ni pé wọ́n mu omi ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyẹn lè pa èèyàn. Ó sì lè mú òòyì àti inú rírìn wá bí ebi náà, èèyàn á wá máa fi omi kún omi.

Ẹ̀gbọ́n mi ló là mí lójú. Mo rojọ́ fún wọn tán, ẹsẹ̀ báyìí, iṣan báyìí, wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, wọ́n wá béèrè pé: "Iṣẹ́ ìṣirò kọ́ lò ń ṣe ni? Ṣé o ti ṣírò ara ẹ rí?"

Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fa ìwé yọ, owó tó wọlé lápá kan, owó tó jáde lápá kejì.

Owó tó jáde: sísá kìlómítà kan máa ń jẹ nǹkan bíi kálórì kan lórí kílò ara kọ̀ọ̀kan. Kílò 72 ni mí, ní ìlọ́po 32, ó lé ní 2,300. Owó tó wà nílẹ̀: ṣúgà tí ara tọ́jú, glycogen ni wọ́n ń pè é, nǹkan bíi gírámù 300 sí 500 ló ń wà nínú iṣan tí èèyàn bá jẹun dáadáa, ẹ̀dọ̀ sì ń tọ́jú bí 100 pamọ́. Gírámù kan jẹ́ kálórì mẹ́rin, torí náà ẹni tó yó bámúbámú ní bíi 1,600 sí 2,400. Èmi ò yó. Mo ti ná lára ẹ̀ pẹ̀lú eré ọjọ́ Saturday, mi ò sì dá a padà, ẹyin àti ewébẹ̀ kọ́ ló máa dá a padà. Jẹ́ẹ̀lì kan tí mo fà? Gírámù 22 ní ìlọ́po mẹ́rin, kálórì 88. Kìlómítà kan àti díẹ̀ ni ìyẹn lè gbé mi. Kìlómítà kan! Mo wo ìwé yẹn, ojú tì mí. Tó bá jẹ́ oníbàárà ló gbé irú ìwé báyìí wá bá mi, màá sọ fún un pé ilé iṣẹ́ ẹ̀ ti wọ gbèsè láti ọjọ́ Saturday.

Ohun tó wá yé mi jù nínú ìṣirò yẹn ni ti ẹ̀dọ̀. Ṣúgà tó bá ti wọnú iṣan, ti iṣan yẹn nìkan ni, kì í padà jáde sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó wà lápá ò lè wá ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, ká má tiẹ̀ tíì sọ ti ọpọlọ. Ẹ̀dọ̀ nìkan ló ń tú tiẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ara, ọpọlọ sì ń jẹ ju bó ṣe yẹ lọ, kò tóbi àmọ́ tá a bá jókòó jẹ́ẹ́, ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń ná ló ń gbà. Ní gbogbo òru tá a fi ń sùn, ẹ̀dọ̀ ló ń bọ́ ọ. Ìyẹn ni pé ẹni tó jí láàárọ̀ tí ò jẹ nǹkan, ṣúgà inú ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ti dín kù gan-an kó tó wọ bàtà. Ẹ wá rí i, tíì dúdú mi yẹn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mo sì ṣe ìyẹn náà láṣejù.

Mo mú jẹ́ẹ̀lì mẹ́ta nínú wákàtí kan, mi ò mu omi lé e, mo tún padà sínú igbó. Ó ku díẹ̀ kí n ní mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀, oúnjẹ ò bá mi lára mu. Ẹ̀gbọ́n ní inú náà ń gba tréènìn bí ẹsẹ̀. Ló bá di pé lórí eré kékeré ìṣẹ́jú ogójì àárín ọ̀sẹ̀, tí ebi ò pa mí rárá, màá jẹ nǹkan, màá sì mu omi díẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, inú mi ti dákẹ́. Ṣúgà gírámù 30 sí 60 láàárín wákàtí kan ló ń tó ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìdí tí kò fi yẹ kéèyàn dédé kọjá ibẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà tí gúlúkóòsì, ìyẹn oríṣi ṣúgà kan, ń gbà kúrò nínú ìfun máa ń kún ní bíi 60 láàárín wákàtí kan, èyí tó bá ṣẹ́ kù á jókòó sínú ikùn, á máa dá wàhálà sílẹ̀. Fúrútóòsì, oríṣi ṣúgà míì, ní ẹnu ọ̀nà tiẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn ni àwọn tó fẹ́ gba tó 90 fi ń po méjèèjì pọ̀. Ẹ ò nílò jẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi fún ìyẹn, ṣúgà funfun inú ilé, ìdajì ẹ̀ gúlúkóòsì, ìdajì fúrútóòsì. Gírámù 60 nínú lítà omi kan, iyọ̀ tín-ín-ńtín, ó ti tó. Oyin náà ń ṣe é. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní bíi gírámù 25, wàhálà tiẹ̀ ni pé ó máa ń tẹ̀ rẹ́bẹ́rẹ́bẹ́ lápò.

Àwọn nǹkan kéékèèké míì tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ọ̀rá jẹ́ẹ̀lì: ní kìlómítà 23, ìka mi ò lágbára láti ya á, eyín ni mo fi ya á lọ́jọ́ kan tó sì tú sí mi láyà, gbogbo eré yẹn ni ẹ̀wù mi fi lẹ̀ mọ́ mi lára tí kòkòrò ń tẹ̀ lé mi. Nísinsìnyí mo máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé etí ẹ̀ díẹ̀ nílé kí n tó jáde. Fóònù ń bá mi lọ, ó ní àpò ìgbànú tiẹ̀. Owó díẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Dípò kí n lọ tààrà kí n tó yí padà, mo máa ń yí po lẹ́ẹ̀mẹta lágbègbè ilé, ó sú ojú lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ìgbà ni mi ò jìnnà sí kọ́ńbọ́ọ̀dù ìdáná mi.

Aago ọwọ́ mi ló wá ṣe pàtàkì jù. Mo sètò ẹ̀ kó máa dún ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tó bá ti dún, mo máa jẹ. Mi ò ń bi ara mi pé ṣé ebi ń pa mí, mi ò ń bi ara mi pé ṣé ó wù mí. Ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yẹn ti parí lálẹ́ Saturday nígbà tí orí mi pé. Mo mọ ara mi, tí mo bá ní kí n dúró dìgbà tí mo bá nílò ẹ̀, ẹni tó máa dáhùn lọ́jọ́ yẹn ni ẹni tó ń pòṣé sí àwọn tó ń kí i.

Lálẹ́ Saturday, ìrẹsì, púpọ̀, ewébẹ̀ díẹ̀ torí àwọn nǹkan oníhàrìhà máa ń lé èèyàn wọ igbó láàárọ̀. Láàárọ̀, wákàtí méjì àtààbọ̀ ṣáájú, búrẹ́dì àti oyin. Ó ń dun èèyàn láti jí ní aago mẹ́rin kó lè jẹ búrẹ́dì, mi ò ní pa irọ́. Ọ̀rọ̀ kí ara fúyẹ́ yẹn, mo ti gbé e tì títí máratọ́ọ̀nù á fi kọjá. Tí mo bá sì ti dé, kí n tó wẹ̀, mo ti ń jẹ nǹkan, ó kéré tán gírámù kan oúnjẹ afúnnilókun lórí kílò ara kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ má tẹ̀ lé nọ́ńbà mi o, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀, tiyín ní ìṣirò míì.

Àwọn kan á ní ṣebí àwọn ọ̀jẹ̀ sárésáré máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sáré láìjẹun kí ara wọn lè mọ ọ̀rá jó. Òótọ́ ni, wọ́n ń ṣe é. Ṣùgbọ́n eré kúkúrú jẹ́jẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi ṣe é, wọ́n sì ní ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Kìlómítà 32 lórí tíì dúdú kì í ṣe ìyẹn, ti èmi kàn jẹ́ àìmọ̀ tó fi ìkóra-ẹni-níjàánu ṣe aṣọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù nígbà tí mo tún 32 sá. Mo fẹ́ gba ọ̀nà àtijọ́ yẹn, ìyípo mẹ́ta ò wù mí lọ́jọ́ náà, àti pé mo ní ìgò mínírà kan nínú àpò ẹ̀yìn tí mo fẹ́ dá padà. Aago dún, mo jẹ. Aago dún, mo jẹ. Ní nǹkan bí 19, aago dún, mo ní mi ò fẹ́, ó ń rí mi lára, adùn ẹ̀ ti sú mi, mo sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, mo rọra fi omi tì í. Ọ̀pọ̀ èèyàn kí mi lójú ọ̀nà, mo dá gbogbo wọn lóhùn.

Ní 24, àga bàbá wà níta, bàbá ò sí níbẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn, obìnrin kan ní wọ́n ti jáde, mo fi mínírà sílẹ̀ fún wọn, mo ní kí wọ́n sọ fún bàbá pé ẹni tí ò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀ ló gbé e wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá ti ròyìn mi.

Ẹsẹ̀ dùn mí láti 28 lọ, eré mi wálẹ̀, kò sí àràmàǹdà kankan. Mo kàn ń ka èyí tó kù bó ṣe ń dín kù: mẹ́rin, mẹ́ta, méjì. Nígbà tí mo délé, jẹ́ẹ̀lì kan ṣì kù lápò mi, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ya á, mo fà á sẹ́nu. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní kí lẹ̀ ń jẹ níbẹ̀ yẹn, oúnjẹ ti wà lórí tábìlì.